Ọkọ̀ Tí A Mú Ti Òkè Òkun Bọ̀

[Ìlù dùndún dún fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó rọlẹ̀ lábẹ́ ohùn asọ̀tàn.]

ASỌ̀TÀN: Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú alùfáà, ìlú ẹlẹ́ṣin, ìlú ńlá tí kò bá òkun pààlà, ni a ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí a sì fẹ́ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ òní ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gbà dé ìlú tí kò ní èbúté, pàápàá jù lọ ọkọ̀ tí kì í ṣe ti oníṣòwò, bí kò ṣe ti ẹni tí ó lọ gbé òkèèrè fún ọdún púpọ̀, tí ó ra ọkọ̀ níbẹ̀, tí ó fi re ibi iṣẹ́, tí ó fi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí ọjọ́ àtibọ̀ wálé wá kò, tí ó wo ọkọ̀ náà títí, tí ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé, “Èyí kò ní ṣẹ́kù sẹ́yìn mi.”

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa yìí, níbi tí ohun tí ènìyàn gùn ti ń sọ irú ẹni tí ó jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó lanu, níbi tí a ti ń rí i ní ọjọ́ Durbar bí a ti ń fi gàárì olówó iyebíye àti ìjánu aláràbarà ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́ títí tí ẹṣin yóò fi máa jó lábẹ́ ẹni tí ó gùn ún, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ẹni tí ó ti àjò dé kò fẹ́ fi ohun àyálò wọ̀lú. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà agbo ilé, ìbáà ṣe ní Àjíkòbí tàbí Àlánàmú, ní Gàmbàrí tàbí Fúlàní, tí àwọn alùfáà bá ti ṣe àdúrà sí i, tí sàráà bá ti jáde, tí àwọn ìyá arúgbó bá sì ti fi ọwọ́ pa á lára, kò sí ẹni tí yóò béèrè iye tí ó ná olówó rẹ̀ láti èbúté Apapa ní Èkó dé ilé. Ìbéèrè yẹn gan-an ni tiwa. Nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ iye tí òun fi ra ọkọ̀ ní òkèèrè, tí kò sì mọ̀ pé òun yóò tún un rà ní ẹnu gbogbo ibodè tí ó wà láàrin òkèèrè àti ilé, àti pé ìfẹ́ tí òun ní sí ọkọ̀ náà kò sí nínú ohun tí aṣọ́bodè ń kọ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òkun kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá.

Kí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tó gba ẹnu wa kan, Gánà ni òkèèrè tí àwọn ènìyàn Ìlọrin mọ̀ jù. Àwọn àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho ni ó kún àwọn ọjà Kùmásí, Támálè àti Akrá, tí wọ́n ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti nǹkan wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n bímọ, tí àwọn tí Ọlọ́run bá sì bùkún fún nínú wọn di ọlọ́kọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò lórí ilẹ̀ Gánà. Ọ̀sẹ̀ méjì, fún ẹni tí ó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kùmásí! Ilé kò ṣé gbé sórí, ìsọ̀ ọjà kò ṣé ká bí ẹní, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ kò ṣé gbà láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé onítọ̀hún ní ọkọ̀, ìbáà ṣe akẹ́rù tàbí ayọ́kẹ́lẹ́, nínú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ ọkọ̀ yìí nìkan ni ó ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi rìn wá sílé.

Ọ̀nà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ̀, ó yẹ kí a dúró wò ó dáadáa. Ní Gánà ìgbà náà, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà lójú títì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe ìjọba lé wọn lórí tẹ́lẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti kọjá Aflao tí ó wọ Lomé, ó ti dé ilẹ̀ Togo tí ó ti wà lábẹ́ Faransé, ọwọ́ ọ̀tún sì ni yóò bọ́ sí. Ọwọ́ ọ̀tún yìí náà ni yóò fi la Dàhòmì já, ìlú tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, láti etí òkun Kútọnu dé Porto-Novo tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí táyà rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ Ìdíìròkò, ó ti dé Nàìjíríà, ọwọ́ òsì ni yóò tún padà sí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ àwa náà ní tirẹ̀. Ìrìn àjò kan ṣoṣo, ilẹ̀ mẹ́rin, kí ènìyàn sì yí ọwọ́ padà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ, ìbùsùn àti ìkòkò lórí ẹrù, nígbà tí ogun abẹ́lé sì ń jà lọ́wọ́ nílé tí à ń lọ! Èmi kò rò pé nínú gbogbo ẹni tí ó ti mú ọkọ̀ ti òkèèrè wá sí Ìlọrin, ẹnikẹ́ni tún wà tí ìrìn rẹ̀ le tó ti àwọn ará wa yìí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tilẹ̀ la òkun kọjá.

[Ìró ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ń gbìyànjú àtigun òkè. Kí ó dákẹ́.]

Àwọn tí ó gba orí òkun wá ń kọ́? Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ìlú Ọba, òun náà ni ó sì ń dá a padà wá ní ọ̀mọ̀wé. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Aureol, ọkọ̀ funfun gbàǹgbà tí ilé iṣẹ́ Elder Dempster fi sí ojú omi ní 1951, tí ó máa ń gbéra ní Liverpool, tí ó máa ń yà sí Las Palmas àti Freetown àti èbúté Gánà, tí ó sì máa ń gúnlẹ̀ sí Apapa lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Agbẹjọ́rò, oníṣègùn, olùkọ́ àti ẹni tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìjọba yóò ti inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tòun ti kóòtù àti táì nínú ooru Èkó. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, Morris Minor rẹ̀ tàbí Austin rẹ̀ yóò wà nínú ikùn ọkọ̀ òkun, tí kíréènì yóò fi okùn gbé e sókè rọ́ṣọ́rọ́ṣọ́ bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, tí olówó rẹ̀ yóò máa wò ó láti ilẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀. Láti ibẹ̀, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó tó di pé ó kọjá ní Ẹyẹńkọrin tí ó sì wọ Ìlọrin, nínú eruku bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú ẹrẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò.

Sítíárín irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ ní ibi tí a ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ó tọ́ ní ibi tí ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ tí ó yí Nàìjíríà ká, Dàhòmì, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù, ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ wọn ń gbà. Àwa nìkan ni a wà láàrin wọn tí à ń gba òsì. Nítorí náà, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àjíǹde ti àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon mú kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kó sí ọwọ́ ọ̀tún. Gánà ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1972 yẹn, ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí ó fi owó àti àárẹ̀ mú ti Liverpool bọ̀ bá ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù tí ń rákò níwájú rẹ̀ sílẹ̀, kò lè rí ohun tí ń bọ̀ láti iwájú, àfi kí ó bi ẹni tí ó jókòó tì í bóyá ọ̀nà ṣófo, ojú olójú kò sì jọ ojú ẹni. Nínú ọdún 1972 yẹn kan náà ni Aureol dẹ́kun àtimáa ti Liverpool gbéra, bí ọkọ̀ òfurufú ti ń gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mímú ọkọ̀ ti òkèèrè bọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí ọlọ́gbọ́n yóò ṣe wàhálà lé lórí. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to 504 jọ ní Kàdúná, ọdún náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, ọdún náà ni àfikún owó oṣù tí à ń pè ní Udoji dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òun kan náà sì ni a dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti òkèèrè dé láti wá kọ́ni níbẹ̀ lè yá owó ìjọba kí ó fi ra ọkọ̀ tuntun tí kò tí ì rí òkun rí. Náírà kan ju dọ́là kan lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé àlọ́ ni a ń pa.

Ọdún 1986 ni àlọ́ náà parí. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP sọ náírà sílẹ̀ kí ọjà wọn ọ́n, ọjà sì wọn ọ́n wálẹ̀ tìtìtì, ọkọ̀ tuntun fò kọjá orí òṣìṣẹ́, àlòkù ilẹ̀ Yúróòpù sì bẹ̀rẹ̀ sí ya wọlé láti èbúté Antwerp ní Béljíọ̀mù, tó bẹ́ẹ̀ tí mẹkáníìkì wa fi ń pe ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Béljíọ̀mù títí di òní olónìí. Láti ìgbà náà ni Tòkunbọ̀ ti di ọba lójú títì wa. Láti ìgbà náà náà sì ni ẹni tí ń padà bọ̀ láti òkè òkun ti ń ṣe ìṣirò kan náà pẹ̀lú oníṣòwò ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe oníṣòwò.

[Dùndún, díẹ̀.]

Ẹni tí ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú jù, nítorí sítíárín tiwọn àti tiwa wà ní apá kan náà. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ní èbúté, ìbáà ṣe Baltimore, Newark, Jacksonville tàbí Houston, ni ìwé tí ó fi hàn pé òun ni ó ni ọkọ̀, ojúlówó ìwé náà tàbí ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀dà lásán. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà sì fẹ́ rí ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ òkun tó gbà á. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yọ̀. Gbèsè ni púpọ̀ nínú ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún fi ń ra ọkọ̀, gbèsè tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Bí gbèsè náà kò bá sì tíì tán, ọkọ̀ kì í ṣe tiwọn dé ibi tí wọ́n lè gbé e kọjá òkun, àfi bí ẹni tí ó yá wọn lówó bá kọ ìwé pé òun gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni kí a wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ òkun bí ẹni wa ọkọ̀ wọ gáréèjì, èyí tí a ń pè ní roro. Ọkọ̀ òkun Grimaldi tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní èbúté tirẹ̀ ní Tin Can ní Èkó. Èkejì ni kí a tì í mọ́ inú kọ̀ǹténà. Roro dín owó kù, ṣùgbọ́n òfìfo ni wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ní gbangba, nítorí mo mọ àwọn ènìyàn mi: àwa kò lè rí bútù ọkọ̀ kí a má rántí ẹ̀gbọ́n tí ó bèèrè bàtà, àǹtí tí ó bèèrè ìkòkò iná mànàmáná, àti àbúrò tí kò bèèrè ohunkóhun ṣùgbọ́n tí yóò bínú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ẹrù, kọ̀ǹténà ni kí ó wá, kí ó sì kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, títí dé orí ṣíbí.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wá gúnlẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òfin wa gbà kí ẹni tí ń padà bọ̀ wálé kó aṣọ, ìwé, àwo àti ìbùsùn tí ó ti lò wọlé láìsan owó ibodè, ṣùgbọ́n kò ka ọkọ̀ mọ́ wọn. Ọkọ̀ tí ó fi ọdún mẹ́fà gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé àti ọkọ̀ tí oníṣòwò rà ní gbàǹjo lánàá, ọ̀kan náà ni wọ́n níwájú Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní ìlànà ọdún 2022, owó ibodè àlòkù jẹ́ 20 nínú 100 iye tí Kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbé lé e, wọ́n á fi 15 nínú 100 lé e fún ìdàgbàsókè àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ nílé, owó orí ọjà tí í ṣe 7.5 nínú 100 yóò sì tún gun orí gbogbo rẹ̀. Ká ní wọ́n gbé 5,000 dọ́là lé ọkọ̀ kan: 1,000 lọ síbí, 750 lọ sọ́hùn-ún, owó orí ọjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ dé 2,260 dọ́là, kí a tó sọ̀rọ̀ owó èbúté, owó ajẹ́ńtì, àti ti àwọn owó kéékèèké tí ń tẹ̀ lé wọn.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní iye tí Kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbé lé e. N kò ní iye tí ẹ rà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni wọ́n ti fẹ́ máa ti inú nọ́ńbà ṣáásí mọ iye ọkọ̀. Nọ́ńbà náà jẹ́ àmì 17. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ̀ pé bí ó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Jàpáànù ni a ti ṣe é, bí ó bá ṣe W, Jámánì ni, bí ó bá ṣe S, ó lè jẹ́ Ìlú Ọba, bí ó bá ṣe 1 tàbí 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. Ìkẹwàá nínú àmì náà sì sábà máa ń sọ ọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣáásí kò mọ̀ pé igi wó lu orí ọkọ̀, kò mọ̀ pé omíyalé ti wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ajẹ́ńtì èbúté fi daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n ní ọkọ̀ tí ó fara pa àti èyí tí ara rẹ̀ dá ń san owó kan náà, títí tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi dá ètò náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Ti náírà tún wà níbẹ̀. Iye tí a fi ń ṣírò dọ́là ní ibodè jẹ́ nǹkan bí 420 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023; ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tí ó gbéra ní Houston pẹ̀lú ìṣirò tí ó pé, ìṣirò náà lè wó kí ọkọ̀ òkun tó rí iná Èkó. Bí kò bá sì rí owó san kíákíá, dẹ́múrééjì, owó ìdádúró ní èbúté, yóò máa gorí ara wọn lójoojúmọ́, títí tí ẹlòmíràn yóò fi fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn tí yóò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ wálé.

Ọjọ́ orí ọkọ̀ tún ṣe pàtàkì. Èyí tí ó bá ti lé ní ọdún 12 láti ọdún tí a ṣe é wà lára ẹrù tí ìjọba kò gbà wọlé. 15 ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí ènìyàn fẹ́ràn jù ni ó sì sábà máa ń dàgbà jù lọ́wọ́ rẹ̀.

[Ìró afẹ́fẹ́ lórí pápá. Ẹṣin kan yán ní òkèèrè.]

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn ènìyàn sì ti mọ ọ̀nà mìíràn tipẹ́. Àwa ará Kwárà máa ń gbàgbé pé ìpínlẹ̀ tiwa yìí bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Kúrò ní Ìlọrin, kí o kọjá Káyámà, kí o wọ ilẹ̀ Bàrùtẹ́ẹ̀nì, kí o rí Kosubosu, Òkúta àti Yáṣíkírà, lẹ́yìn náà Ṣíkáńdà ni ẹnu ibodè. Ní ìsọdá rẹ̀ ni Nikki wà, ìlú àwọn Bàrìbá, àti Parakou, tí títì ti ibẹ̀ lọ tààrà sí Kútọnu. Kútọnu ni ó ti ń gba ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu, tí ó ń tò wọ́n sí pápá ńláńlá lẹ́bàá ọ̀nà, owó ibodè ibẹ̀ sì kéré sí tiwa. Nígbà kan, ẹni tí ń bọ̀ láti Paris tàbí Brussels a máa rò pé ó sàn kí òun gúnlẹ̀ sí Kútọnu, kí òun wa ọkọ̀ òun gba ibodè Ṣẹ̀mẹ̀ ní ìhà Èkó tàbí gba Ṣíkáńdà wálé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù kíní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de mímú ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé pátápátá. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n tilẹ̀ ti gbogbo ibodè ilẹ̀ pa, wọn kò sì ṣí mẹ́rin nínú wọn títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, Ṣẹ̀mẹ̀ wà lára mẹ́rin náà, Ṣíkáńdà kò sí níbẹ̀.

Òfin wà, igbó Bàrùtẹ́ẹ̀nì náà sì wà, ó gbòòrò, ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn aṣọ́bodè tí ọ́fíìsì wọn wà ní Ìlọrin yìí ń gbẹ́sẹ̀ lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó gbé e la igbó kọjá ti tà á kí wọ́n tó rí i. Ẹni tí a bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú títì ni ó máa ń pàdánù, ó sì lè jẹ́ olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí ó rò pé òun rí ọjà pọ́ọ́kú.

Àwọn tí ń ti Ìlú Ọba bọ̀ ni mo ní ọ̀rọ̀ gidi fún. Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ràn ní Manchester tàbí Peckham, sítíárín rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ìpinnu ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1972 sì ṣì ń dúró dè é ní ẹnu èbúté. Òfin ìrìnnà wa kò fẹ́ ẹ. Lóòótọ́, ní Kútọnu àti ní Èkó, àwọn mẹkáníìkì kan ti sọ ìyípadà sítíárín di iṣẹ́ òòjọ́: wọ́n á gé dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á lu irin tí ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó, wọ́n á gbé bíréèkì àti sítíárín sọdá, wọ́n á fa wáyà tuntun. Iná iwájú ọkọ̀ Ìlú Ọba tilẹ̀ ṣì kọjú sí etí títì òsì, tí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ẹni tí ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí. Àpò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó wú gba awakọ̀ là nígbà ìjàǹbá, ta ni yóò fi ọwọ́ sọ̀yà pé yóò wú lẹ́yìn tí wọ́n ti tú u palẹ̀? Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó kó ọmọ sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó forí lé títì Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ó tà á síbẹ̀. Bí ó bá pọn dandan kí ó mú ọkọ̀ Yúróòpù wálé, kí ó rà á ní Jámánì tàbí Béljíọ̀mù, kí ó sì jẹ́ èyí tí ń lo epo bẹntiróòlù. Nítorí àwọn ọkọ̀ oní-dísù ìwòyí ní asẹ́ kan nínú páìpù èéfín tí kò lè gba dísù tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra, ìgbà tí asẹ́ yìí bá sì dí ni ẹ óò mọ iye tí mẹkáníìkì Ìlọrin ń gbà láti yọ ọ́ sọnù.

Mẹkáníìkì yìí gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ bá kí a tó ra ohunkóhun ní òkèèrè. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Páàtì Toyota wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú yìí, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba òmìnira lè tú Corolla palẹ̀ kí ó sì tò ó padà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ní Atlanta, tí ó jẹ́ pé bí sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo bá kú nínú wọn, wọn yóò dúró sí ẹ̀yìnkùlé agbo ilé títí adìyẹ yóò fi yé sínú wọn. Kí a sì wo abẹ́ ọkọ̀ tí ó ti ìlú yìnyín bọ̀, nítorí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì lọ́hùn-ún nígbà òtútù, iyọ̀ náà sì máa ń jẹ irin láti ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀dà dídán kò ti lè fi í hàn.

Ti àwọn tí ń lọ sí òkèèrè kò gùn. Ọ̀dọ́ Ìlọrin tí ó fẹ́ jàpá lè bèèrè bóyá òun lè gbé ọkọ̀ òun dání. Amẹ́ríkà kò gba ọkọ̀ tí a kò ṣe ní ìlànà tiwọn, àyàfi tí ó bá ti pé ọdún 25. Ti Kánádà jẹ́ ọdún 15. Ìlú Ọba rọrùn díẹ̀: ẹni tí ń kó lọ gbé ibẹ̀, tí ó ti gbé òkèèrè tó oṣù 12, tí ọkọ̀ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó oṣù 6, lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gba owó ibodè lọ́wọ́ òun, bí ó bá ti lè ṣèlérí pé òun kò ní tà á, òun kò sì ní yá ẹnikẹ́ni, títí ọdún kan yóò fi pé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé Camry kúrò ní àdúgbò Tánkẹ lọ sí Birmingham? Owó ilé ìwé àti owó físà ni ọkọ̀ náà yóò dà. Yóò dúró ní sítáńdì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò fọ̀ ọ́ ní àràárọ̀, àwọn tí ó fẹ́ rà á yóò máa tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, wọn yóò máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó bá sì fẹ́ wọ̀, ẹni tí ó bá gbọ́n nínú wọn yóò bèèrè ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù kí ó tó na ọwọ́ sápò. Bí ìwé Tin Can bá wà níbẹ̀, tí nọ́ńbà ṣáásí tí ó wà lórí rẹ̀ sì bá ti ara ọkọ̀ mu, wọn yóò dúnàádúrà. Bí kò bá sí, wọn yóò ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà padà jẹ́jẹ́, wọn yóò sì kọjá sí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

[Dùndún gòkè, kí ó sì dákẹ́.]